Ilé-ìwé Tí Ó Ń Tọ́jú Igbó: Ẹ̀kọ́ nípa Ìrìn-àjò láti Orílẹ̀-èdè Kóstá Ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn òbí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni ó wá sí wa lọ́kàn, nítorí pé ó ti di ohun tí ó kan gbogbo wa. Àwọn kan nínú wa ń lọ wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní òkè òkun. Àwọn mìíràn ń lọ fún ìsinmi. Ilé-ìwé wa pẹ̀lú a sì máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo àwọn ibi tí ó lókìkí. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí àlejò bá wá, tí ó wòran tán, tí ó sì padà sí ilé rẹ̀, kí ni ó kù sí ọwọ́ onílé?

Ìdí wà tí ìbéèrè yìí fi ń jẹ wá lọ́kàn. Nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, àwọn olùkọ́ wa kó wa lọ sí abúlé kan láti wo omi tí ó ń tú wálẹ̀ láti orí àpáta. Àwọn ará abúlé náà ti yẹ̀nà sílẹ̀ dè wá. Ìyá àgbà kan bu omi tútù fún wa nínú igbá. A wo omi náà, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a gbé láti ilé, a kọrin, a sì wọ ọkọ̀ padà. A kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. A kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí a fi wé búrẹ́dì àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà nílẹ̀ bí a ti jù wọ́n sí. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí iṣẹ́ Olúwa tó tún gbé wa dé àgbègbè náà. Nígbà tí a sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pé a ti wá síbẹ̀ rí nígbà èwe wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé a máa wá wo omi wa, Bàbá Àlùfáà, ṣùgbọ́n ẹ kì í wo àwa.” A kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí nínú ìwé àti lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò. Ibi tí a ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù lọ jìnnà sí wa púpọ̀. Orílẹ̀-èdè Kóstá Ríkà ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti bá wa dáhùn rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ilé-ìwé gíga bí tiwa.

Ilẹ̀ náà àti igbó rẹ̀

Àárín Amẹ́ríkà ni Kóstá Ríkà wà. Nikarágúà ni ó wà ní àríwá rẹ̀, Panamá ni ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Òkun Pàsífíìkì wà ní apá kan, òkun Kàríbéánì wà ní apá kejì. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5, èdè Sípéènì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń sọ, San José sì ni olú-ìlú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1948, lẹ́yìn ogun abẹ́lé kúkúrú kan, José Figueres tí ó ń ṣàkóso nígbà náà kéde pé ilẹ̀ náà kò ní ní ọmọ ogun mọ́. Bárékè àwọn sójà ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ti ń tọ́jú igbó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Láàárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, wọ́n gé igi lulẹ̀ láti da màlúù àti láti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ilẹ̀ náà nìkan ni igbó ṣì bò. Lónìí, igi ti padà bo ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Ohun púpọ̀ ni ó fa ìyípadà yìí. Ọ̀kan ni òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996, tí ìjọba fi ń san owó fún onílẹ̀ tí ó bá dá igi rẹ̀ sí. Apá kan nínú owó orí epo ọkọ̀ ni wọ́n sì ń lò fún un. Ìkejì ni àwọn àlejò. Ní ọdún 2019, àwọn tí ó wọ ilẹ̀ náà láti òkè òkun ju mílíọ̀nù 3 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì wá wo igbó, ẹyẹ àti ẹranko. Igi tí ó wà ní ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí mú owó wọlé ju èyí tí wọ́n gé lọ.

Ṣùgbọ́n owó wọlé sí ọwọ́ ta ni? Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Quaker lórí òkè ìkùukùu

Àwọn Quaker jẹ́ ìjọ Kristẹni tí kì í jagun. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ní ọdún 1948 ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun, mẹ́rin nínú àwọn Quaker ìlú Fairhope ní Alabama kọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ìdílé bíi mọ́kànlá pinnu láti wá ilẹ̀ tí kò ní ọmọ ogun lọ. Ní ọdún 1951, wọ́n ra ilẹ̀ lórí òkè kan ní Kóstá Ríkà, wọ́n sì pè é ní Monteverde, èyí tí ó túmọ̀ sí òkè aláwọ̀ ewé. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà ti wà ní agbègbè òkè yìí ṣáájú wọn.

Màlúù ni wọ́n ń sìn. Nítorí pé ọ̀nà jìn, tí ó sì burú, wàrà a máa bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà; nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ wàràkàṣì sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tí ó gbọ́n ju wàràkàṣì lọ. Wọ́n rí i pé omi tí wọ́n ń lò ń ṣàn wá láti orí òkè, níbi tí ìkùukùu ti ń fara kan igi tí omi sì ń kán sílẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Wọ́n ní bí a bá gé igi orí òkè, omi ìsàlẹ̀ yóò gbẹ. Wọ́n ya nǹkan bí hẹ́kítà 554, tí ó súnmọ́ ìdá mẹ́ta ilẹ̀ wọn, sọ́tọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀.

Ní ọdún 1972, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹyẹ kan tí ń jẹ́ George Powell, pẹ̀lú Wilford Guindon, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n, àti àjọ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní San José, sọ orí òkè náà di igbó ìpamọ́. Guindon yìí ti fi ayùn ẹlẹ́rọ gé igi lulẹ̀ rí. Òun náà ni ó di olùṣọ́ igbó. Ní ọdún 1987, àwọn ọmọ ilé-ìwé kékeré kan ní ìgbèríko Swídìn gbọ́ nípa igbó náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jọ láti ra díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa gé e. Àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Igbó tí ó ti inú owó àwọn ọmọ náà jáde ju hẹ́kítà 22,000 lọ lónìí, orúkọ rẹ̀ sì ni Igbó Ayérayé ti Àwọn Ọmọdé.

Ilé-ìwé Santa Elena

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monteverde ni ìlú Santa Elena wà. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ náà ni ó ń lọ sí ilé-ìwé gíga rẹ̀. Ìjọba ti fún ilé-ìwé náà ní ilẹ̀ kan lórí òkè pé kí wọ́n máa fi kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìkùukùu bò kò gba oko. Òjò àti òtútù kò jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti pa ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tì, tàbí kí ó ta igi inú rẹ̀. Àwọn olùkọ́, òbí àti àwọn ará ìlú rò ó, wọ́n sì wò ó pé ohun tí àwọn àlejò ń wá wò lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn wà nínú ilẹ̀ tiwọn náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti Kánádà bá wọn la ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú igbó, ní ọdún 1992 wọ́n sì ṣí i fún àlejò.

Igbó náà jẹ́ hẹ́kítà 310, ó ju pápá bọ́ọ̀lù 400 lọ. Owó tí àlejò bá san ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń tọ́jú igbó, tí wọ́n sì fi ń ran ilé-ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa kọ́ nípa ẹyẹ, ewéko àti títọ́jú àlejò nínú igbó tí ó jẹ́ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Bí ilé-ìwé náà bá gé igbó rẹ̀, owó ọdún kan ni yóò rí. Nítorí pé ó dá a sí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí igbó ti ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Igbó ń tọ́jú ilé-ìwé, ilé-ìwé ń tọ́jú igbó.

Àwọn ìyá pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1982, obìnrin mẹ́jọ ní Monteverde àti Santa Elena da ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún àlejò. Àwọn tí wọn kò ní owó tiwọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní in. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kòkó àti àwọn ìyá Yorkín

Láti orí òkè yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn, sí ilẹ̀ Talamanca, níbi tí àwọn ẹ̀yà Bribri ń gbé. Ọ̀dọ̀ ìyá ni àwọn Bribri ti ń ka ìdílé, ọ̀dọ̀ ìyá ni ilẹ̀ sì ti ń bọ̀ sọ́wọ́ ọmọ. Kòkó ni igi ọ̀wọ̀ wọn; nínú àṣà wọn, obìnrin ni ó ń po kòkó mímu fún àwọn ayẹyẹ pàtàkì. Àwa tí a jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ olóko kòkó, tí owó kòkó sì rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ìwé, kò yẹ kí a gbàgbé pé láti apá ibẹ̀ yẹn láyé ni irúgbìn náà ti wá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àrùn kan kọ lu kòkó ilẹ̀ náà, ó sì pa èso rẹ̀ run. Àwọn ọkùnrin abúlé Yorkín fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe lébìrà ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn kòkòrò. Àwọn obìnrin ni ó kó ara wọn jọ láti wá ọ̀nà tí ìdílé kò fi ní tú ká. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Stibrawpa. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé àlejò gba ojú odò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Àlejò a sun ilé tí wọ́n fi imọ̀ bò, a jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè, a bá wọn yan kòkó, a sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Wọn kò fi oko wọn sílẹ̀ nítorí àlejò. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé ní ọdún 2020, tí orílẹ̀-èdè náà ti ẹnubodè rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, a rí ìdí tí ọgbọ́n yìí fi dára: ẹni tí ó ní oko kò ní fi ebi dúró de ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹnu ọ̀nà Cahuita

Ní etí òkun Kàríbéánì, kò jìnnà sí àwọn Bribri, ni ìlú Cahuita wà. Aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Jàmáíkà ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wọn ti wá nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti àwọn ọdún 1870, ọmọ Áfíríkà sì ni àwọn bàbá ńlá wọn. Títí di ọdún 1949, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn.

Nígbà tí ìjọba sọ etíkun àti iyùn abẹ́ òkun Cahuita di ibi ìpamọ́ ní ọdún 1970, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ibẹ̀ rí i pé wọ́n ti fi òfin dí wọn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ bàbá wọn. Ní ọdún 1994, ìjọba fi owó ńlá kún owó ẹnu ọ̀nà fún àlejò láti òkè òkun, ó sọ ọ́ di dọ́là 15. Àwọn ará ìlú bẹ̀rù pé àlejò kò ní wá mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé oúnjẹ àti ilé àlejò kéékèèké ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n sì ní kí àlejò máa wọlé pẹ̀lú ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò di ìjà àjàkú-akátá. Ìjọba àti ará ìlú jókòó papọ̀, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀ láti máa ṣàkóso ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n kà sí àjèjì ní àná ni ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ibi tí nǹkan kò ti rí bẹ́ẹ̀

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ìrìn-àjò ní Kóstá Ríkà ni ó dára. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, ní Guanacaste, níbi tí òjò kò ti pọ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ilé ìsinmi pọ̀ sí etíkun. Ní ọdún 2008, wọ́n ń ri páìpù tí yóò fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ ìlú Sardinal lọ sí etíkun náà. Àwọn ará Sardinal jáde sí ojú títì, wọ́n ní wọn kò bi àwọn léèrè, àti pé kànga àwọn lè gbẹ nítorí odò ìwẹ̀ àlejò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, iṣẹ́ sì dúró fún ìgbà kan.

Orílẹ̀-èdè kan náà ni, àlejò kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní Santa Elena, onílé ni ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ní Sardinal, wọ́n ṣí i lé onílé lórí. Ní ọdún 2009, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pàtàkì láti ti ìrìn-àjò tí àwọn ará ìgbèríko fúnra wọn ń ṣètò lẹ́yìn, kí ti Santa Elena lè pọ̀ ju ti Sardinal lọ.

Ohun tí a rí kọ́

Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, Èlíṣà jẹ́ àlejò obìnrin ará Ṣúnémù. Obìnrin náà fún un ní oúnjẹ, ó sì kọ́ yàrá fún un. Èlíṣà kò kàn jẹ, kí ó mu, kí ó sì lọ. Ó pè é, ó sì béèrè ohun tí ó lè ṣe fún un. Àlejò rere ni ẹni tí ó béèrè. A rò pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò gbé dání.

Èkíní: ta ni ó di kọ́kọ́rọ́ mú? Ṣé àwọn tí ó ni ilẹ̀ ni ó pè wá, tàbí ẹlòmíràn ni ó ń fi wọ́n ṣe ìran wò?

Èkejì: ọwọ́ ta ni owó wa ń bọ́ sí? Bí a bá sùn ní ilé onílé, tí a jẹ oúnjẹ tí ó sè, tí a gba amọ̀nà ọmọ ibẹ̀, owó náà yóò kan ẹni tí ó ń gbá ojúde tí a rìn.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó kù lẹ́yìn wa? Ṣé omi wọn ṣì pọ̀ tó, ṣé ilẹ̀ wọn mọ́, ṣé a mọ orúkọ wọn?

A gbọ́ pé ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wà nínú ètò àjọ̀dún yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ẹgbẹ́ wa àti àwọn òbí pé kí a fi ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣètò rẹ̀. Kí a ránṣẹ́ sí baálẹ̀ ṣáájú, kí a béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Kí àwọn ìyá abúlé ni ó se oúnjẹ ọ̀sán, kí a sì san owó rẹ̀ pé. Kí ọmọ ibẹ̀ ni ó mú àwọn ọmọ wa lọ sí ìdí omi. Kí gbogbo ìdọ̀tí wa bá wa padà sínú ọkọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹnìkan tí ó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Abúlé tí a lọ ní Fọ́ọ̀mù Kẹta ni a dá lábàá. Ìyá tí ó bá wa sọ̀rọ̀ ti sùn nínú Olúwa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, omi náà sì ṣì ń tú. A ti fi orúkọ tiwa sílẹ̀ láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Nínú ìrìn-àjò tí ẹ rìn kẹ́yìn, ta ni ó rí owó yín gbà? Ǹjẹ́ ẹ rántí orúkọ ẹnìkan tí ó tọ́jú yín?

2. Kí ni ìdí tí àwọn Quaker fi dá igbó orí òkè sí nígbà tí kò tíì sí àlejò tí yóò san owó láti wò ó?

3. Ilé-ìwé Santa Elena gba ilẹ̀ tí kò ṣe é dáko, wọ́n sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ni ó wà lọ́wọ́ ilé-ìwé wa tí a ti pa tì?

4. Bí àlejò bá wá sí ìlú yín lọ́la, kí ni ẹ fẹ́ kí ó béèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó wọlé?